Iye epo tí táyà ńlá fi kún ìnáwó ọkọ̀ Hilux mi ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀nà oko ẹja wa lẹ́yìn Èjìnrìn kò ṣòro rìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, amọ̀ ibẹ̀ a máa gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mì dé ìdajì. Nítorí èyí ni mo ṣe bọ́ táyà 265/65R17 tó bá Hilux mi wá láti ilé-iṣẹ́, tí mo sì fi 285/70R17 olójú gbàgàdà rọ́pò rẹ̀. Mo gbé sípíríǹgì ọkọ̀ náà sókè díẹ̀ kí táyà má baà máa ha ara ọkọ̀, mo sì de káríà onírin mọ́ orí rẹ̀ fún páìpù àti àwọ̀n. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun ni mo ti pinnu pé n óò wọn epo rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, nítorí láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì fò láti nǹkan bíi 190 náírà kọjá 480, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò kò lè máa da epo sínú tánkì láìṣírò.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ti ṣe ìdájọ́ tirẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, táyà yìí á máa mu epo bí ẹní ń mu omi. Bí ẹ bá ra lítà márùn-ún, ẹ ti sọ ọ̀kan nù.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò ná.”

Wíwọ̀n náà kò gba irinṣẹ́ olówó ńlá. Mo ń kún tánkì ní ilé epo kan náà, lẹ́nu póǹpù kan náà, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí póǹpù bá sì ti já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, a ó dáwọ́ dúró níbẹ̀. Mo ní láti bẹ ọmọbìnrin tó ń ta epo lórí èyí, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti máa tẹ̀ ẹ́ sí i kí owó lè bọ́ sí iye tó gún, àfikún bẹ́ẹ̀ sì lè ba ìṣirò jẹ́ pátápátá. Mo máa ń kọ òǹkà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, n óò wa ọkọ̀ ní ọ̀nà iṣẹ́ mi, ìyẹn láti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtoíkin dé Ìkòròdú, àti ní ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, n óò tún tánkì náà kún, n óò sì fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tí a rìn. Mo ṣe é léraléra, nítorí tánkì kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí: lọ́jọ́ tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí ilé ìfọpo Dangote bá tò sójú ọ̀nà, epo á jóná lórí ìdúró lásán.

Pẹ̀lú táyà àkọ́kọ́, lítà kan ń gbé wa rin kìlómítà 8.5. Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rẹ̀, ìṣirò já sí 7.4, èyí tó fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ọ̀rọ̀ bàbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù kì í wọn ilẹ̀. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń tẹ̀ lé, ó sì gbà pé táyà tí ilé-iṣẹ́ fi síbẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí ìyàtọ̀ ṣe tó lè ka ara táyà: 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí a bá pín fífẹ̀ náà sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, táyà àtijọ́ ga tó mìlímítà 776, tuntun sì ga tó 831.

Èmi kò fi mọ sórí ìwé, nítorí ẹrù ọkọ̀ máa ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn níbi tó ti kan sìmẹ́ńtì iwájú ilé, mo fa òmíràn sórí sìmẹ́ńtì náà, àbúrò mi sì ti ọkọ̀ jẹ́jẹ́ títí ìlà ara táyà fi tún padà kan ilẹ̀. A na téèpù láàárín àmì méjèèjì. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún táyà àtijọ́ kí a tó bọ́ ọ, ó sì fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 237. Tuntun fún wa ní 254. Ìyẹn ni pé bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá sọ pé a rin kìlómítà 100, a ti rin 107, máàpù orí fóònù mi sì jẹ́rìí sí i láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú. Nítorí náà, 7.4 yẹn kì í ṣe 7.4, nǹkan bíi 7.9 ni. Epo tó fi lé ti táyà àtijọ́ ní tòótọ́ kò ju lítà 9 lọ lórí 1,000 kìlómítà. Eré náà ń parọ́ bákan náà: ẹni tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní 100 ń sá 107, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò sì ní gba dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹlẹ́rìí.

Kí ló wá ń jẹ epo tó kù? Mo gbé táyà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò oúnjẹ ẹja, tuntun sì fi kílò 9 wúwo ju àtijọ́ lọ. Ẹ́ńjìnnì ní láti fi agbára yí ìwúwo yẹn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tó sì tún gbéra, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà Lẹ́kkí tó gba Ajah fi ń ná mi ju ọ̀nà Ìtoíkin lọ. Ojú táyà tó rí gbágungbàgun náà máa ń tẹ̀, ó sì máa ń tún ara rẹ̀ gbé dìde bó ṣe ń yí, agbára sì ń bá èyí lọ. Ní ti jíà, táyà tó ga ń mú kí ẹ́ńjìnnì rọra yí lórí eré kan náà, àwọn kan sì rò pé èrè ni. Ó lè jẹ́ èrè lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí ẹrù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá di oúnjẹ ẹja kún ẹ̀yìn, jíà karùn-ún kì í lè fà á mọ́, ìkẹrin ni mo ń padà sí.

Mo wá tú káríà orí ọkọ̀ kúrò, mo sì bojú tó afẹ́fẹ́ táyà. Ìwọ̀n 26 (psi) ni fọkanáísà fún mi kí ọkọ̀ lè rọ̀ lára. Mo gbé e sí 34, nígbà tí táyà tutù, láàárín ohun tí a kọ sára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀ràn agbára sọ pé bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi ìwọ̀n kan dín, ìrìn tí epo ń gbé ọkọ̀ rìn á fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Àwọn kan náà ló sọ pé àpótí ẹrù ńlá lórí ọkọ̀ lè gba ìdá 2 sí 8 láàárín ìlú, kí ó sì gba ìdá 10 sí 25 bí eré bá tó 105 sí 120 kìlómítà ní wákàtí kan. Káríà lásán kò tó àpótí, àmọ́ atẹ́gùn kan náà ló ń kọlù ú, atẹ́gùn ọ̀hún sì le púpọ̀ bí eré bá ti pọ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Lẹ́yìn méjèèjì, lítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa rin kìlómítà 8.2 gidi.

Bàbá wo ìwé ìṣirò mi títí, wọ́n ní kí n ṣe ti ṣọ́ọ̀kì náà han àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ní tèmi, káríà kò tún gun orí ọkọ̀ àfi ọjọ́ tí páìpù bá wà láti gbé. Táyà ńlá ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ títí tí ọ̀nà Èjìnrìn yóò fi gbẹ, nítorí owó tí a fi ń pe katakata láti wá fa ọkọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ju owó lítà 9 lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà, 265 ń padà sí àyè rẹ̀, mo sì ń to àwọn tó kù sínú yàrá oúnjẹ ẹja, lórí pákó, níbi tí oòrùn kò ti lè rí wọn.