Bí Mo Ṣe Yan Kọ̀ǹpútà Alágbèéká tí Mo Fi Ń Ta Póòkà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó ń ta póòkà, eré káàdì tí a máa ń fi owó ta, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn kò nílò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tó ń sáré bí iná. Èyí tí kò ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ló nílò. Bí iná bá lọ tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí owó ẹni ti wà láàárín tábìlì, ìyẹn fèrèsé kan lójú kọ̀ǹpútà tí eré ti ń lọ, ìkànnì póòkà kò ní dúró deni: àsìkò tí wọ́n fúnni láti ronú yóò tán, wọ́n sì lè kó káàdì ẹni dànù, ìbáà jẹ́ éèsì méjì, káàdì tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ló wà lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fi ọ̀ràn bátìrì ṣáájú ohun gbogbo.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ThinkPad T480 tòkunbọ̀ ni mo yàn. Ọdún 2018 ni Lenovo gbé e jáde. Bátìrì méjì ló máa ń ní, ọ̀kan nínú, èkejì lẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bí ti ẹ̀yìn bá ti tán, a lè yọ ọ́ kí a sì ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìpa kọ̀ǹpútà, nítorí ti inú ni yóò máa gbé e ró. N kò tíì rí ohun tó bá ìlú tí iná ìjọba kì í dúró mu tó ìyẹn.

Nígbà tí mo dé Computer Village ní Ìkẹjà, ojú kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ibi tí àwòrán ti ń hàn, ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó san owó, nítorí pé T480 kan kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú èkejì: ojú òmíràn jẹ́ 1366 × 768 píksẹ́lì (àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán), ti òmíràn sì jẹ́ 1920 × 1080. Tábìlì mẹ́rin ni mo máa ń ṣí pọ̀. Lórí èyí tó tóbi, 960 × 540 ni yóò kan tábìlì kọ̀ọ̀kan, mo sì lè ka iye owó tó wà nílẹ̀ kedere. Lórí èyí tó kéré, 683 × 384 péré ni, àwọn nọ́ńbà yóò sì há mọ́ra wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún ọkùnrin tó ń tà á pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo bátìrì rẹ̀.” Mo ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà nínú Windows, mo tẹ powercfg /batteryreport, ó sì kọ iye agbára tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí sínú fáìlì kan tí mo ṣí síwájú wa. Agbára ti ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jiyàn, wọ́n gbé òmíràn wá.

RAM, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, tó jẹ́ 8 GB tó fún tábìlì nìkan, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ń pè ní PokerTracker 4 ni mo fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ọwọ́ tí mo bá ta, PostgreSQL, ètò ìkó-àkọsílẹ̀-pamọ́ tó sì ń lò lábẹ́lẹ̀, kì í fẹ́ àyè há. Nítorí náà mo mú 16 GB pẹ̀lú SSD, ibi ìpamọ́ tó yára.

Póòkà kì í jẹ dátà púpọ̀. Mo fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì sínú fóònù tí kọ̀ǹpútà ti ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá já. Nígbà tí iná bá wà, mo máa ń so ojú ńlá onínṣì 24 mọ́ ọn, àmọ́ àkọsílẹ̀ PokerTracker nìkan ni mo ń gbé sórí rẹ̀, torí pé kò ní bátìrì. Gbogbo tábìlì tí owó mi wà lórí rẹ̀ kì í kúrò lójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.