Bí ẹ ṣe lè ra ìbọn magnum àtijọ́, kẹ́ ẹ sì máa yìn ín jẹ́jẹ́

Ẹ jẹ́ n tètè là á mọ́lẹ̀, Amẹ́ríkà ni mo wà, Houston, ẹni tó ń gbé níbí tí òfin sì gbà láyè láti ní ìbọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, revolver (ìbọn ìléwọ́ tí agolo tí wọ́n ń kì ọta sí máa ń yí) wà lára àwọn ìbọn tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀ fún ará ìlú, torí náà ẹ kà á fún ìgbádùn ni o, kẹ́nikẹ́ni má lọ rò pé òun á kó o sínú báàgì lọ sílé fún Kérésì.

Magnum tí mo ń wí ni àwọn revolver onírin gidi àti èèkù onígi, àwọn oníhò mẹ́fà, láti 1935 tí Smith & Wesson kọ́kọ́ gbé .357 Magnum (ọta alágbára kan àti ìbọn tó ń yìn ín) jáde títí dé nǹkan bíi 1985. Nínú ọdún kan ṣoṣo, 1955, Colt gbé Python jáde, Smith & Wesson gbé Combat Magnum jáde (òun ni wọ́n padà wá ń pè ní Model 19), Ruger náà gbé Blackhawk dé, ká tó ṣẹ́jú .44 Magnum ti tẹ̀ lé wọn. Bàbá bàbá mi ọdẹ ni, ṣakabùlà ẹ̀ ṣì wà lára ògiri nígbà tí mo wà ní kékeré, bóyá ibẹ̀ ni ìfẹ́ irin àtijọ́ ti wọ̀ mí lára. Ìbọn tó ti dàgbà dà bíi bàbá arúgbó, ó ṣì lè jó dáadáa, àmọ́ ẹ má lu ìlù ọmọ ogún ọdún fún un.

Ẹ to ìwé yín ná

Tó bá jẹ́ físà ìwé kíkà tàbí físà ìbẹ̀wò lẹ fi wà, ẹ fi í sílẹ̀ ná, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà á àfi láwọn ipò díẹ̀ kan tó jẹ́ pé lọ́yà ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Ẹni tó ní green card lè rà, ọmọ onílùú lè rà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21 kí oníṣọ́ọ̀bù tó lè ta ìbọn ìléwọ́ fún yín. Fọ́ọ̀mù 4473 lẹ máa kọ, wọ́n á wá yẹ orúkọ yín wò nínú NICS, ètò àyẹ̀wò ìjọba àpapọ̀, bóyá ẹ lẹ́jọ́ lọ́rùn. Tí ìbọn náà bá wà ní ìpínlẹ̀ míì, wọn ò lè fi ránṣẹ́ sílé yín tààrà, ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ tiyín ló máa balẹ̀ sí, ibẹ̀ lẹ ó ti lọ gbà á. Àwa tá à ń kó ìbọn àtijọ́ jọ lè gba láísẹ́ǹsì C&R, ìyẹn láísẹ́ǹsì akójọ-ìbọn àtijọ́, $30 ni fún ọdún mẹ́ta, ìbọn tó bá ti pé 50 ọdún tí wọn ò sì yí i padà kúrò ní bí wọ́n ṣe ṣe é lè wá bá yín nílé pẹ̀lú ẹ̀, tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá ti gbà.

Ohun kan wà tó lè kó àwọn èèyàn wa sí gbèsè ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n kan á pè yín, "àbúrò mi, bá mi ra ìbọn yẹn lórúkọ ẹ jàre, màá san owó ẹ̀ fún ẹ." Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe é! Irọ́ lẹ pa lórí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ yẹn, ẹ̀wọ̀n ńlá ló wà níbẹ̀, ìwé ìgbélùú yín náà lè bá a lọ. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n, ẹ kí wọn dáadáa, kí wọ́n lọ rà á fúnra wọn.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wò ó lásán, ẹ ra èyí tó wù yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa yìn ín, tèmi ni pé kẹ́ ẹ wá Smith & Wesson Model 28, tí wọ́n ń pè ní Highway Patrolman, ó jáde ní 1954, wọ́n dá a dúró ní 1986. Férémù ńlá tó wà lára Model 27 olówó iyebíye náà ló wà lára ẹ̀, wọn ò kàn dán an bíi dígí ni, torí ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ló jẹ́ kó dínwó. Ó wúwo, ó lágbára, kì í bínú. Model 19 rẹwà jù ú lọ, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ó ní ibì kan tó ti rọ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Python ní tiẹ̀, áà, ẹyin ni, ẹ rà á tí owó bá wà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ìbọn tó lè tún inú Python àtijọ́ ṣe ò pọ̀ mọ́. Ruger Blackhawk tí wọ́n ṣe kó tó di 1973, ọta márùn-ún ni kẹ́ ẹ máa kì sínú ẹ̀, kí hámà (irin ẹ̀yìn tó ń lu ìdí ọta) sinmi lórí ihò tó ṣófo, torí tó bá já bọ́ ó lè yìn fúnra ẹ̀.

Ẹ fi etí àti ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi ojú nìkan rà á

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ ṣí sìlíńdà, ìyẹn agolo tó ń yí yẹn, kẹ́ ẹ wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sọ́ta níbẹ̀, kódà bó bá ti wò ó lójú yín ẹ tún un wò. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sóun? Apátí yẹn, ibi tí ìka máa ń fà, ẹ gbàgbé ẹ̀ ná, ẹ ò tíì nílò ẹ̀.

Ẹ pa sìlíńdà dé. Ẹ fi ìka ọwọ́ òsì kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò fa hámà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ gan-an ni mo wí, kẹ́ ẹ máa gbọ́. Irin kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó máa bọ́ sínú kòtò ara sìlíńdà, á dún "kẹ́", lẹ́yìn náà hámà á wá dúró sókè, "kẹ́" kejì nìyẹn. Kẹ́ ti sìlíńdà gbọ́dọ̀ ṣáájú, tàbí kí méjèèjì jọ dún pọ̀. Tí hámà bá ti dúró tí sìlíńdà ò tíì tì, tó jẹ́ ìka yín ló máa bá a dé ọ̀hún, ìbọn yẹn ti gbó nínú, ihò ọta ò ní bá ojú ọ̀pá ìbọn mu dáadáa, òjé á máa ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí yín lára. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, ó lè dáa ní márùn-ún kó jẹ́ pé ẹyọ kan ló máa tú àṣírí.

Kí hámà ṣì wà lókè, ẹ fi àtàǹpàkò tì í síwájú níwọ̀nba láì fọwọ́ kan apátí. Tó bá já wálẹ̀, ẹ gbé e padà sórí tábìlì, ẹ ní ẹ ṣeun, ẹ máa lọ, ẹnì kan ti fi fáìlì rẹ́ inú ẹ̀ níbi tó ti ń wá kó rọrùn láti fà. Tí ìyẹn bá yege, ẹ di sìlíńdà mú kẹ́ ẹ tì í síwájú sẹ́yìn. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀ bí eyín tó fẹ́ ká, wọ́n ti yìnbọn líle púpọ̀ níbẹ̀. Èmi máa ń mú àwọn irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn ẹnu plọ́ọ̀gì dání, mo máa ń kì wọ́n sí àlàfo tó wà láàárín sìlíńdà àti ọ̀pá ìbọn, íǹṣì 0.004 sí 0.008 dùn mọ́ mi nínú, tí 0.010 bá wọlé, á jẹ́ pé owó máa wálẹ̀ nìyẹn tàbí kí n máa bá tèmi lọ. Kẹ́ ẹ má gbàgbé pé Colt àtijọ́ yàtọ̀ o, tẹ́ ẹ bá di apátí ẹ̀ mú sẹ́yìn lẹ́yìn tí hámà ti wálẹ̀, sìlíńdà ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ mì rárá, ti Smith & Wesson lè mì díẹ̀, kò burú.

Lẹ́yìn ìyẹn, tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ tan iná sí ìdí ọ̀pá ìbọn, ibi tí ọta ti ń fò láti inú sìlíńdà wọlé. Lára Model 19 àti Model 66 (ìkejì ẹ̀ tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe), ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn ni wọ́n gé pẹlẹbẹ kí sìlíńdà lè ráyè pa dé, irin ibẹ̀ wá fẹ́lẹ́. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ìlà tín-ínrín bí irun orí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ọ̀pá náà ti là, ìbọn yẹn ti di ohun ọ̀ṣọ́.

Mo ti sanwó ilé ìwé lórí kókó tó kàn yìí, ẹ jẹ́ n bá yín dín in kù. Revolver àkọ́kọ́ tí mo rà, ọjà ìbọn ni mo ti rí i, ó ń dán bíi bàtà sọ́jà, ọkùnrin tó ń tà á ní baba ọkọ òun ló ni ín, pé inú àpótí ló wà látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. (Baba ọkọ báwo, ìgbà tóun gan-an jẹ́ ọkùnrin? Ó yẹ kí n ti sá nígbà yẹn.) Mo ná an díẹ̀, mo san owó, mo ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí mo fọkàn tán, bàbá náà ò tiẹ̀ ṣí i, ó kàn wo hámà àti apátí ẹ̀, ó ní, "ta ló tún un rẹ láró?" Ṣé ẹ rí i, hámà àti apátí Smith & Wesson àtijọ́ máa ń ní àwọ̀ rúdurùdu, búlúù díẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, eérú díẹ̀, iná ló ń fún un láwọ̀ yẹn. Tèmi dúdú kirikiri bíi ìkòkò àsun. Àwọn lẹ́tà tó wà lára ọ̀pá ẹ̀ ti ń pa rẹ́, etí férémù ti yípo bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ìbọn yẹn ṣì ń yìn dáadáa o, àmọ́ nínú owó tí mo san, bóyá ìlàjì ni mo lè rí gbà lọ́wọ́ akójọ-ìbọn tó mọṣẹ́. Ìbọn tó ti ṣá díẹ̀ lójú tó sì jẹ́ òtítọ́ níye lórí ju èyí tí wọ́n pa láró lọ. Ẹ wo ojú síkúrù náà, tó bá ti fàya, ẹnì kan tí ò mọṣẹ́ ti tú u wò.

Tẹ́ ẹ bá ti ń ná an, gbogbo àléébù tẹ́ ẹ rí lẹ máa tọ́ka sí pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ má bú ọjà ọlọ́jà.

Bí ẹ ṣe máa yìn ín

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ti ìbọn yìí gan-an ló ṣe gééré. Ọta .38 Special wọ inú .357 Magnum láì sí wàhálà kankan, nítorí inú .38 ni wọ́n ti fa .357 yọ, wọ́n kàn fi bíi íǹṣì 0.135 gùn ún sí i ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni .44 Special wọ inú .44 Magnum. Kì í ṣe ìdàkejì o, ẹ ò gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà fi magnum sínú ìbọn .38. Èmi, nínú ọgọ́rùn-ún ọta tí mo bá yìn, bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló máa ń jẹ́ .38, èyí tó rọ̀ jù ni wadcutter 148 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí orí ọta ṣe wúwo tó), olórí pẹlẹbẹ tó máa ń gé ihò roboto lára pépà bí ẹni fi ẹ̀rọ lu ìwé. Ọwọ́ ò ní dùn yín, ìbọn náà ò ní mọ̀ pé ẹ jí òun.

Tó bá wá wù yín láti gbọ́ ohùn magnum, ẹ ra èyí tí orí ẹ̀ wúwo tó 158 grain, ìyẹn bíi gíráàmù 10, ẹ yin mẹ́fà, inú yín á dùn, ó tó. Ẹ sá fún 125 grain líle. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé orí ọta yẹn fúyẹ́, wọ́n wá di ẹ̀tù púpọ̀ tì í lẹ́yìn, ó kúrú, ó sì yára, kó tó di ẹnu ọ̀pá pa, iná ti ń jó gba ibẹ̀ kọjá, tí irú ẹ̀ bá wá pọ̀, ibi fẹ́lẹ́ tí mo fi hàn yín lára Model 19 á là. Bí wọ́n ṣe ba ọ̀pọ̀ jẹ́ nìyẹn. Model 29 àtijọ́ náà, .44 Magnum ti Smith & Wesson, tí wọ́n bá ń fi .44 líle lù ú lálùbolẹ̀, sìlíńdà ẹ̀ máa ń yí padà sẹ́yìn fúnra ẹ̀.

Ẹ di etí yín lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ń wọ inú etí àti èyí tó ń bò ó, ẹ wọ awò. Ẹ má jẹ́ kí ìka kankan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú sìlíńdà, iná ń jáde níbẹ̀ bí ọ̀bẹ. Tí ọta kan bá dún "pọ́" dípò "gbàmù", ẹ dúró, ẹ má yin òmíràn tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí òjé náà ti há sínú ọ̀pá. Ẹ yọ èèkù onígi tó wá pẹ̀lú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi onírọ́bà sí i, tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ dá onígi padà. Igi goncalo alves láti Brazil ló wà lára èèkù ọ̀pọ̀ Smith & Wesson ìgbà yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà bíi ti ẹkùn, kò yẹ kí òógùn bà á jẹ́.

Ẹ má fi ọwọ́ kan ju sìlíńdà pa bíi ti àwọn òṣèré fíìmù, á wọ́ apá tó gbé e dúró. Ọwọ́ méjì, jẹ́jẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ da ọta òfìfo nù, ẹ kọ ẹnu ìbọn sókè ní apá ibi tí wọ́n ń yìnbọn sí, kẹ́ ẹ wá tẹ ọ̀pá ìtìjáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọn-in. Tí ẹnu bá kọ sílẹ̀, ẹ̀tù tí ò jó tán á bọ́ sábẹ́ ìràwọ̀ tó ń ti ọta jáde, hóró kan péré níbẹ̀, sìlíńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ẹni pé ìbọn ti bàjẹ́, mo ti rí ẹni tó gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fún ìyẹn, búrọ́ọ̀ṣì eyín ni bàbá fi tún un ṣe.

Tẹ́ ẹ bá délé

.38 máa ń fi òrùka dúdú sílẹ̀ nínú ihò sìlíńdà torí pé ó kúrú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bàbà ha á kúrò kẹ́ ẹ tó tún fi magnum síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á há. Tó bá jẹ́ onínìkẹ́lì ni, ẹ má fi oògùn tó ní amóníà sílẹ̀ lára ẹ̀, á gba abẹ́ nìkẹ́lì wọlé, á bó o. Ẹ fi òróró díẹ̀ nù ún, díẹ̀ o, a ò dín dòdò.

Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú àkọ̀ awọ. Awọ yẹn ń fa omi mọ́ra, oògùn tí wọ́n sì fi ṣe é ń jẹ irin, ní Houston tí afẹ́fẹ́ ti dà bí ọbẹ̀ yìí, ẹ máa ṣí i lọ́jọ́ kan ẹ máa rí i pé ó ti dógùn-ún. Sínú àpò aláṣọ tó ní sílíkọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ fi í sí, kó wà nínú séèfù tí ọmọdé ò lè ṣí, ọta níbi tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Kẹ́ ẹ wá fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dé ìgbọ̀nwọ́, òjé ló wà lára wọn. Nínú ilé tèmi, wọn kì í jẹ́ kí n sún mọ́ abọ́ àmàlà kí wọ́n tó gbóòórùn ọṣẹ.