Throttle curve hẹlikọ́pítà onírìmóòtù: ẹ ṣe é kó tó gbéra

Ẹ̀yin ará, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hẹlikọ́pítà oníbátìrì ni mò ń bá wí o. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan throttle curve rárá, ìyẹn àwọn nọ́ńbà inú rìmóòtù tó ń sọ iye agbára mọ́tò (nínú 100) ní ibi kọ̀ọ̀kan tí stick, ọ̀pá ìdarí, bá wà, ẹ kọ́kọ́ tú bíléèdì ńlá méjèèjì kúrò, torí mọ́tò yẹn lè dédé ta, kò sì mọ ẹni tó ra á.

Ní normal mode (ipò tẹ́ ẹ fi ń gbéra), ìsàlẹ̀ stick pátápátá gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kó wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bíi 0, 40, 60, 70, 80. Tó bá fò lójijì níbì kan, ìrù á máa jà sọ́tùn-ún sósì, torí ìgbàkígbà tí eré rotor (bíléèdì ńlá tó ń yí) bá yí padà ni ìrù máa ń dààmú, àwọn kan á wá máa bú gyro, ẹ̀rọ tó ń mú ìrù dúró, tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Idle-up, ipò tẹ́ ẹ fi ń dárà lófuurufú, ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, 75 tàbí 80 látìsàlẹ̀ dókè, pàápàá tí ESC yín (ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò) bá ní governor (ohun tó ń mú eré rotor dúró sójú kan), torí òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣètò eré, nọ́ńbà kan péré ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ má fún un ní 100 ṣá, ó nílò àyè tó máa fi kún agbára tí pitch (igun bíléèdì) bá pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí switch sí idle-up, kí stick wà láàárín, níbi tí pitch ti jẹ́ 0. Tó bá wà nísàlẹ̀, pitch á ti di òdì, ṣe ló máa tẹ hẹlikọ́pítà mọ́lẹ̀.

Throttle hold, switch tó ń pa mọ́tò, 0 ni jàre. Ẹ dán an wò dáadáa kẹ́ ẹ tó dá bíléèdì padà.