Bẹ́ ẹ ṣe lè tọpa oyè ìdílé ọlọ́lá Faransé láì ṣìnà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oyè ṣe ń lọ nínú ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé, ẹ má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀ o, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Láyé àwọn ọba wọn, orí ilẹ̀ loyè Duke, ìyẹn oyè tó ga jù láàárín àwọn ọlọ́lá, dúró lé, ọba á kọ̀wé pé ilẹ̀ báyìí ti di ilẹ̀ Duke, Parlement, ìyẹn ilé ẹjọ́ gíga wọn, á wá kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tọ́ba fún nìkan ló máa jẹ Duke yẹn, ọmọ ẹ̀ ò ní jogún ẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ̀wé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé Montmorency, tílùú wọn wà lápá àríwá Paris. Baron, oyè tó kéré sí Duke, ni wọ́n tipẹ́, ìgbà tó di 1551 ni Ọba Henri Kejì sọ Anne de Montmorency di Duke. Ọkùnrin ni Anne yìí o, Olorì Anne ti Bretagne ni ìyá ìsàmì ẹ̀, orúkọ olorì ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó ń jẹ́ Henri ló wá ṣọ̀tẹ̀ sí Ọba Louis Kẹtàlá, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Toulouse lọ́dún 1632, kò sì bímọ. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọba tún sọ ilẹ̀ náà di ilẹ̀ Duke fún ọkọ ẹ̀gbọ́n Henri tí wọ́n bẹ́ lórí yẹn obìnrin, Ọmọba Condé, tóun náà ń jẹ́ Henri, ará ilé Bourbon, ìyẹn ìdílé ọba. Ní 1689, wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ yẹn pa dà sí Enghien, ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé orúkọ Montmorency lọ sórí Beaufort ní agbègbè Champagne, ilẹ̀ ẹ̀ka mìíràn nínú ìdílé yẹn. Ẹ ò rí i, orúkọ kan náà, ilẹ̀ méjì! Duke tó kẹ́yìn níbẹ̀ kú ní 1862, ní 1864 ni Napoléon Kẹta, olú ọba Faransé nígbà yẹn, gbé oyè ọ̀hún fún Adalbert de Talleyrand-Périgord, torí pé ọmọ Montmorency nìyá tó bí i.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa kọ orúkọ ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Henri Kejì mẹ́ta ló wà nínú ìtàn tí mo sọ yìí, ọba, Montmorency tí wọ́n bẹ́ lórí, àti Condé, ìyàwó ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá wọn mọ̀. Ẹ má sì ro pé gbogbo ẹni tó ní “de” lórúkọ ni ọlọ́lá, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ fàlà sí 1790 tí wọ́n fòfin de oyè, 1814 tó pa dà, 1848 tí wọ́n tún fòfin dè é, àti 1852 tí wọ́n dá a pa dà. Lónìí oyè ò ní àǹfààní kankan mọ́, ó kàn jẹ́ ara orúkọ ni, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdájọ́ ló ń yẹ ìwé àrólé wò. Ìwé ìsàmì àtijọ́ wà ní Archives départementales, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa dà sẹ́yìn.