Ẹ má tètè pa rwlock rẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Rwlock ni àgádágodo tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ thread (àwọn ìlà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú prógíráàmù kan) jọ ka dátà kan náà, àmọ́ tí ọ̀kan bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, òun nìkan ló máa wà níbẹ̀. Títì àti ṣíṣí rẹ̀ kì í sábà da àwọn tó ń fi C kọ prógíráàmù láàmú. Bí wọ́n ṣe ń dá a sílẹ̀, àti pàápàá bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́, ló ń kó wọn sí wàhálà.

Ẹ má fi pthread_rwlock_init sínú function tí thread kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Thread mẹ́rin á dá àgádágodo kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, èyí tó dé kẹ́yìn sì lè nu orúkọ ẹni tó ti tì í nù. Kí ẹ tó pe pthread_create, tó ń dá thread sílẹ̀, ni kí ẹ ti dá a sílẹ̀. Ẹ yẹ èsì init wò pẹ̀lú: inú èsì yẹn gan-an ni ENOMEM (mẹ́mórì kò tó) tàbí EAGAIN (ohun èlò míì kò tó) ti ń wá, kì í ṣe inú errno, ibi tí C sábà máa ń kọ nọ́ńbà àṣìṣe sí, torí náà perror, tó ń ka errno, lè ṣì yín lọ́nà. Ẹ má sì fi memcpy da struct tó ní rwlock nínú kọ. POSIX, ìlànà tó ṣètò àwọn function wọ̀nyí, kò ṣèlérí ohunkóhun lórí ẹ̀dà.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí, torí kóòdù àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ni mo ti ń rí i (t ni struct tó ní àgádágodo náà nínú; wrlock ni títì láti kọ, rdlock ni títì láti kà):

pthread_rwlock_wrlock(&t->lock);
nu_gbogbo_re(t);
pthread_rwlock_unlock(&t->lock);
pthread_rwlock_destroy(&t->lock);
free(t);

Wọ́n á ní àwọn ti gba wrlock, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀ mọ́. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó dì í mú. Àmọ́ thread míì lè ti dúró sórí rdlock. Bí wọ́n bá ti ṣí i báyìí, ó wọlé, free sì gba mẹ́mórì náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ilé ni wọ́n wó nígbà tí àlejò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé lórí Linux, destroy ti glibc, àkójọ function C tí Linux sábà ń lò, kì í ṣe nǹkan kan ju pé kó dá 0 padà, ẹnì kan ì báà ṣì di àgádágodo náà mú. POSIX gbà kó dá EBUSY (ìyẹn ni pé wọ́n ṣì ń lò ó) padà, àmọ́ kò sọ ọ́ di dandan. Àwọn kan wá ń sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní pe destroy mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o: lórí FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà míì, init máa ń gba mẹ́mórì, destroy ló sì ń dá a padà.

Bí ẹ bá mọ gbogbo thread tó ń lo t, ẹ fi pthread_join dúró dè wọ́n kí ẹ tó pa á rẹ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n, ẹ di àgádágodo àkójọ tí wọ́n ti ń rí t mú, kì í ṣe ti t fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yọ t kúrò níbẹ̀. Kí thread tó bá mú t látinú àkójọ fi 1 kún iye àwọn tó ń lò ó, iye tó jẹ́ atomic (tí thread méjì kò lè da rú bí wọ́n bá jọ yí i padà), kó tó tú àkójọ sílẹ̀. Àkójọ náà ní 1 tirẹ̀, tí ẹ máa yọ nígbà tí ẹ bá yọ t; kí thread kọ̀ọ̀kan náà yọ 1 tirẹ̀ bó bá ti lo t tán. Ẹni tó bá dín in kù dé 0 nìkan ló láṣẹ láti pe destroy àti free. Ẹ fi -fsanitize=thread, àṣẹ tó ń sọ fún compiler pé kó máa ṣọ́ àwọn thread, sí kóòdù nígbà ìdánwò; ó máa ń pariwo bí wọ́n bá pa àgádágodo tó ṣì wà ní títì rẹ́.