Ẹ má ra ilẹ̀ Ìbàdàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn o

Nínú oṣù kejì, gbogbo ilẹ̀ ló máa ń dáa lójú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra hááfù pulọ́ọ̀tì lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ le gbagidi, ajẹ́ǹtì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ fún wọn pé ẹ wò ó, àpáta ni, nígbà tó máa fi di oṣù keje àkèré ló ń ké nínú fáwúndéṣọ̀n wọn.

Wọ́n ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kójò máa rọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wọ rénbúùtù, ẹ dúró lójú títì kẹ́ ẹ wo ibi tómi ń kọrí sí. Tí ò bá sójò, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò: omi máa ń fi ìlà sílẹ̀, ìsàlẹ̀ á láwọ̀ ẹrẹ̀, òkè á mọ́. Ibi tí ìlà yẹn bá dé lomi dé. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, kára fu yín. Tẹ́ ẹ bá rí kókò, ọparun àti ihò akàn, àkúrọ̀ nìyẹn. Ẹ má bi ajẹ́ǹtì ní nǹkan kan, màmá tó ń din àkàrà ní kọ́nà ni kẹ́ ẹ bi (ẹ kọ́kọ́ ra àkàrà o).

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó bi àwọn àgbà nípa omíyalé odò Ògùnpa n'Ìbàdàn, 31 oṣù kẹjọ 1980. Oṣù kẹjọ náà ló tún ṣẹlẹ̀ ní 2011, ọjọ́ 26, òjò wákàtí díẹ̀ péré, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ìdọ̀tí ti dí abẹ́ afárá, ilé ti gba etí odò, ibo lẹ ní kómi gbà?

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí ọ́fíìsì town planning, ẹ bèèrè setback (àyè tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́lé) odò tàbí gọ́tà tó wà nítòsí. Kí súfeyọ̀ wọ̀n ọ́n látibi tí odò ń kún dé, kì í ṣe látibi tó wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ò lè dá katapílà dúró tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé yín.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ́lé, kí ilẹ̀ pálọ̀ ga ju ìlà omi tẹ́ ẹ rí lára fẹ́ǹsì lọ, bíríkìlà á ní ó ti tó, ẹ má gbọ́. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àyíká ilé, ẹ jẹ́ kí koríko wà níbi tómi á ti máa rì wọlẹ̀. Ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì, torí èyí tí ò níhò, ńṣe lomi máa kó jọ sẹ́yìn ẹ̀ títí tó fi máa wó lulẹ̀ gbìì lóru.

Kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó iyanrìn inú gọ́tà. Àwọn ará àdúgbò wa á kó o tán, wọ́n á wá dà á sétí gọ́tà níbẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú. Bárò ni kẹ́ ẹ fi gbé e kúrò lọ́jọ́ náà.