Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá kú nínú ooru, iná púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò
Ẹ̀yin ará wa tó ń wa Peugeot 504 àti Volkswagen Beetle ní Àbújá àti Kàdúná, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya tó sì kọ̀ láti sítáàtì, ẹ má tíì jẹ́ kí mẹkáníìkì tú kabúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kan (èyí tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì), ẹ fi wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí padà, kí irin ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, níbi tó jìnnà sí epo àti sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́. Kí ẹnìkan wá sítáàtì.

Bí iná bá ta búlúù tó sì lágbára, ẹ wo ọ̀nà epo. Ooru lè ti sọ epo di oru nínú páìpù; ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi we páìpù àti pọ́ǹpù epo, kí ẹ dúró díẹ̀.

Bí iná bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò tilẹ̀ ta, ẹ yẹ kọ́ńtáàtì wò, ìyẹn irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé nínú dísíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Nǹkan bíi 0.4 mm ni àlàfo rẹ̀ nígbà tó bá ṣí tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fura sí kọndẹ́ńsà (tí kì í jẹ́ kí kọ́ńtáàtì jó) àti kóìlì (tó ń sọ iná bátìrì di iná alágbára fún púlọ́ọ̀gì): kóìlì tó ti gbó a máa ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, a sì dákẹ́ bó bá gbóná.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku fílítà afẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́.